Gílóòbù Bàbá Wáyà

Ọjọ́ tí Ọwọ́yá pàdé ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó ru abọ́ ìfọṣọ, ló mọ̀ pé irọ́ ti ń bá àwọn gbélé. Obìnrin náà ń yára bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó dorí kọ kì í ṣe ọ̀nà omi. Ọwọ́yá bá a sọ abọ́ náà kalẹ̀. Aṣọ ìdọ̀tí méjì ló wà lókè. Fáànù télọ̀ ló wà lábẹ́ wọn.

"Màámi, ṣé fáànù náà fẹ́ wẹ̀ ni?"

Ìyá rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Pa ẹnu ẹ mọ́, jọ̀ọ́. Àná ni bàbá ẹ wé e, ó sì ti jó padà. Mo fẹ́ gbé e lọ bá Ọ̀gá Oríta kó bá wa tún un wé kí télọ̀ tó wá gbé e."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Bó bá mọ̀, ṣé abọ́ ìfọṣọ ni màá fi gbé e?"

Bàbá Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, orúkọ yẹn sì yẹ ẹ́. Ogójì ọdún ló fi jókòó sórí àpótí kan náà nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, tó ń wé kọ́ìlì: ti fáànù, ti ẹ̀rọ ìfami, ti ẹ̀rọ tí oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun. Bí wáyà inú wọn bá ti jó, á tú u kúrò, á fi tuntun wé e, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà, ẹgbẹ̀rin ìgbà, láìṣi òǹkà kan. Ẹ lè kí i, ẹ lè bú u, ẹ lè pariwo olè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní dáhùn títí yóò fi ka èyí tó kẹ́yìn. Tó bá parí, á so iṣẹ́ náà mọ́ gílóòbù kan tó kọ́ sára ògiri, á sì tan iná sí i. Ọgbọ́n àwọn awékọ́ìlì ni. Bí gílóòbù náà bá ń ràn bàìbàì, iṣẹ́ dára. Bó bá tàn yòò, wáyà ti fara kan wáyà níbi tí kò yẹ, ẹni tó bá sì gbójú gbóyà so ó mọ́ iná ilé lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó máa bà jẹ́ kò ní mọ ní ẹyọ kan.

Ojú ló wá da bàbá yìí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní wáyà ayé ìsinsìnyí ti tín-ín-rín jù, ó ní wọ́n ti ń kọ nǹkan wẹ́wẹ́ sára ẹ̀rọ torí pé ahun ni wọ́n. Nínú ilé, kì í fọwọ́ kan ògiri tó bá ń rìn, kí ẹnì kan má baà rí i. Ìṣísẹ̀ ló ń kà, bó ṣe ń ka wáyà: méje láti ìdí àpótí dé ẹnu ọ̀nà, mọ́kànlá dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìyá àti ọmọ ń gbọ́ bó ṣe ń kà á lábẹ́ èémí. Wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láti ìgbà tí ojú ti ń lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ò dúró mọ́. Ìyá á jí ní ìdájí, á yẹ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ wò, á gbóòórùn wọn. Èyí tó bá ń rùn, inú abọ́ ìfọṣọ ló ń bọ́ sí. Ọ̀gá Oríta tó ń gbé e lọ bá yìí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bàbá Wáyà ni nígbà kan rí, kó tó di pé bàbá lé e dànù nítorí pé ó ń ṣi òǹkà. Ọmọ tí wọ́n lé ló wá ń tún iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ṣe ní bòńkẹ́lẹ́. Oníbàárà á gbé nǹkan rẹ̀ lọ, á padà wá dúpẹ́, Bàbá Wáyà á sì gbé àyà jáde. "Ọwọ́ àgbà nìyẹn! Ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọ àná!" Ní alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, á jẹun jẹ àwo mọ́.

Ẹ má tíì dá ìyá náà lẹ́bi. Ọkùnrin tí inú rẹ̀ ń dùn tó báyìí lórí ìjókòó rẹ̀, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa ayọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu? Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, n ò rò pé mo láyà ẹ̀. Ọwọ́yá náà ò láyà ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lòun pẹ̀lú ti ń bá ìyá rẹ̀ ru abọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì kan. Láti àárọ̀, á máa gbé ìwé lé ẹ̀rọ, á máa gbé e kúrò, iná ẹ̀rọ á máa kọ mọ̀nà sí i lójú. Ilé géèmù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọwọ́yá. Ẹni tó bá bá a jókòó síbi géèmù ìbọn, kó tó mọ ibi tí ọ̀tá ti yọ, Ọwọ́yá á ti pa á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń san owó kí wọ́n lè jókòó tì í, kí ó má baà jẹ́ àwọn ni yóò dojú kọ.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń fi géèmù jẹun kọ̀wé sí i. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀, ẹni mẹ́ta ni wọ́n sì mú pé kí wọ́n wá du ú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, ní Sátidé, láago mẹ́wàá àárọ̀, kí kálukú jókòó sílé ara rẹ̀, sídìí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, kí ó fi wákàtí mẹ́ta bá àwọn ta. Wọn ò gba kọ̀ǹpútà ilé géèmù, nítorí àwọn tó ń fi ẹ̀tàn sínú ẹ̀. Ẹni tó bá yege, owó oṣù rẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ń san. Ọwọ́yá ka ìwé náà títí ó fi há a sórí.

Kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ kẹ̀? Bàtà méjì ló ní.

Ó ti ń tọ́jú owó pa mọ́ láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n owó náà ò tó ra odindi kọ̀ǹpútà géèmù, àfi kó máa rà á ní kélekèle kó sì tò ó fúnra rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ Alálòkù lọ, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹlòmíì ti lò sú. Ibẹ̀ ló ti ra bọ́ọ̀dù tí igun rẹ̀ kan ti kán. Ó ra ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ ti wọ́, ó sì fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tún un nà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ìkókó. Àpótí tí wọ́n ń to gbogbo ẹ̀ sí wọ́n jù, nítorí náà ó tọrọ dúrọ́ọ̀ onírin kan tó ti bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó dá ihò sí i lára, ó to bọ́ọ̀dù sínú ẹ̀. Dúrọ́ọ̀ náà ṣì ní ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú pé: ÌWÉ TÍ A KÒ TÍÌ WÁ GBÀ.

Ó wá ku nǹkan méjì: káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, àti páwà, ìyẹn àpótí tó ń gba iná ilé tó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà yòókù. Owó tó kù á ra káàdì kékeré kan pẹ̀lú páwà gidi. Bí kò bá sí ti páwà, á ra káàdì ńlá. Káàdì kékeré á máa fà tìkọ̀ lójú ìjà, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń du àyè á sì ti fi ìyà jẹ ẹ́.

"Gbọ́ mi," ni Alálòkù wí. "Ohun gbogbo ni o lè rà ní àlòkù lọ́wọ́ mi, màá sì bá ẹ dín owó rẹ̀ kù. Àmọ́ páwà, ra tuntun. Èmi tí mò ń tà á ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ibi oúnjẹ ló ti ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Wáyà gbé orí sókè.

"Kí ló wà nínú páwà yẹn?"

"Nǹkan pọ̀ níbẹ̀, Bàbá mi. Kọ́ìlì ló ṣe pàtàkì jù."

"Kọ́ìlì!" Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé oúnjẹ fẹ́ há a lọ́fun. "Àbí ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ọmọ mi fẹ́ gbówó lọ fún àjèjì nítorí kọ́ìlì! Lọ bá mi wá èyí tó ti jó, kó o má san ju owó irin lọ. Màá wé e. Kó o fi owó yẹn ra káàdì gidi."

Ọwọ́yá wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo abọ́ oúnjẹ bí ẹni pé nǹkan bọ́ sínú ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, àyè ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré, "Bàbá mi, ojú yín," gbogbo ohun tó kù ì bá má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bàbá ń dùn. Láti bí ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó tíì béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ju kó jẹ́ kí àwọn sinmi. Ọwọ́yá sì tún ro ó nínú ara rẹ̀ pé kò le: tí bàbá bá wé e tán, òun á gbé e sínú abọ́ ìfọṣọ bíi ti àtẹ̀yìnwá, Ọ̀gá Oríta á tún un wé, ó parí.

"Ẹ ṣé, Bàbá mi," ló wí.

Bàbá bá a lọ ra káàdì ńlá náà àti páwà jíjó kan lọ́dọ̀ Alálòkù. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká láti ilé dé ọ̀hún, àwọn tó rí wọn ń ní ẹ wo bàbá tó fẹ́ràn ọmọ. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Gọ́tà ni kò rí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wé kọ́ìlì páwà náà, ohun tí kò ní ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ tẹ́lẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń tú u, ó ń tún un wé. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Sátidé ìdíje, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ọwọ́yá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀, ó ní òun á so ó pọ̀ tó bá di Ẹtì, nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ó wá yọ́ lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Màámi, lọ́la, tí Bàbá bá ti sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ gbé e lọ bá Ọ̀gá Oríta. Mo ti bá a sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé."

"Ṣé mo gbàgbé rí?"

Lóòótọ́ ni kò gbàgbé. Bàbá ni kò sùn. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ó jẹun tán, ó ní kí ìyàwó òun bá òun ra tábà ìfín díẹ̀ ní ìsọ̀ ìsàlẹ̀, ó fẹ́ dá nìkan wà nílé. Ìyàlẹ́nu ló fẹ́ ṣe fún ọmọ. Ó fẹ́ kí Ọwọ́yá ti ibi iṣẹ́ dé, kó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ọwọ́yá ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn náà fi bá a. Òórùn ọ̀dà tó jó ni, irú èyí tó máa ń wà lára fáànù inú abọ́ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n èyí le débi pé ó ń ta ní imú. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí, tábà wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú yàrá, Bàbá Wáyà wà níwájú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbẹ́ káàdì ńlá náà ti dúdú. Bọ́ọ̀dù ti wú níbi méjì, ike ti yọ́ lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tún ṣe. Ọwọ́yá fọwọ́ kan án, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.

"Alálòkù yẹn, olè ni," ni bàbá wí. "Káàdì jíjó ló tà fún ẹ. Lọ́la, èmi àti ẹ̀ la ó jọ débẹ̀. Mo dán páwà wò! Mo fi gílóòbù dán an wò kí n tó so ó. Ogójì ọdún, n ò so nǹkan mọ́ iná rí láìfi gílóòbù dán an wò."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"N ò ní fi í sílẹ̀. Wá wò ó fúnra ẹ."

Ó tú páwà náà kúrò lára dúrọ́ọ̀, ó gbé e lọ sídìí ògiri, ó fi ìka wá ẹnu wáyà, ó so ó mọ́ gílóòbù, ó tẹ iná.

Gílóòbù náà tàn yòò. Ó tàn débi pé eruku orí pẹpẹ hàn, òjìji àwọn méjèèjì gun ògiri lọ, Ọwọ́yá sì ní láti fọwọ́ bo ojú.

Bàbá Wáyà na ìka sí i. "Ṣé o rí i? Bàìbàì. Bó ṣe rí lọ́sàn-án náà nìyẹn gẹ́lẹ́."

Ọwọ́yá wo ìka náà, ó wo gílóòbù.

"Ṣé o rí i?"

Ó pẹ́ kí ìka tí bàbá nà tó rọ̀ wálẹ̀. "Kí ló dé tí o ò dá mi lóhùn?"

Nígbà tí kò tún gbọ́ nǹkan kan, ó sún mọ́ ògiri, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí gílóòbù láìfi kàn án. Gílóòbù tó ń ràn bàìbàì kì í gbóná. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ níwájú ẹ̀, ó fà á sẹ́yìn, ó tún na án, bí ẹni tó ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ó pa iná.

Ìyá ti wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìfẹ́ ló sún un sọ̀rọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù, Bàbá wa. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. A ti mọ̀ pé ojú ni, a sì ti ń bá a yí i."

"Ẹ ti ń bá kí ni yí?"

Ó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Bàbá jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Fáànù télọ̀," ló wí. "Èyí tó wá dúpẹ́ lé lórí. Ta ló ṣe é?"

"Ọ̀gá Oríta ni."

"Ọmọ tí mo lé?"

"Òun ni. Kì í gbowó lọ́wọ́ wa. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun níṣẹ́."

"Ẹ̀rọ oníbúrẹ́dì?"

"Òun ni."

"Ẹ̀rọ ìfami ilé tísà? Èyí tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin wé, tí mo ní kò sẹ́ni tó lè ṣe é mọ́ láyé yìí?"

Ìyá ti ń sunkún. "Òun náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ń kà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìṣi òǹkà, gbogbo iṣẹ́ ọdún kan àtààbọ̀, ìyá sì ń dáhùn. Nígbà tó ka èyí tó kẹ́yìn tán, ó yíjú sí ibi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà.

"Ọwọ́yá. Ìwọ náà mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

"O mọ̀, o sì gbé kọ́ìlì fún mi wé."

Ọwọ́yá gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn dùn jù, nítorí ó ti ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Sátidé dé. Ọwọ́yá ti kọ̀wé bẹ ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Aago mẹ́wàá lù, bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó sílé, kò sẹ́ni tó dìde. Ọwọ́yá rí i pé ìka òun ń rìn lórí itan òun, òsì, ọ̀tún, sókè. Ó jókòó lé wọn mọ́lẹ̀ títí aago kan fi lù.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Wáyà ò gba iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá gbé fáànù dé, á ní kó máa gbé e lọ oríta tààrà, kó má ṣe gba inú ilé òun kọjá. Ohun tó burú jù ni pé kò tún gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ á ní òjò ń rọ̀, á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé kó tó gbà. Wọ́n á ní ẹja wà nínú ọbẹ̀, á fi ìka wá a. "Òótọ́ ni?" ló kù tó ń sọ, kì í fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì ń dun obìnrin náà wọra.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ní ìdí oúnjẹ, ó ṣàdédé béèrè. "Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ géèmù yẹn, kí ni wọ́n wá wí?"

Kíá ni ìyá fèsì. "Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n máa fi àyè sílẹ̀ dè é."

Bàbá yí ojú tí kò ríran mọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Òótọ́ ni?"

Ìyá ń wo Ọwọ́yá láti òdìkejì tábìlì. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, bó ṣe bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ abọ́ ìfọṣọ. Ọmọ náà gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Rárá, Bàbá mi. Wọ́n ti mú ẹlòmíì. Wọn ò ní pè mí mọ́."

Bàbá mi orí. Ó tún mi í.

"O ṣeun," ló wí.

Ó dìde nídìí oúnjẹ. Kò ka ìṣísẹ̀ kankan. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri níṣojú àwọn méjèèjì, ó sì ń fi í táràrà lọ sí yàrá rẹ̀.